Wọ́n Ti Ilẹ̀kùn Mọ́ Ẹran Níbi Tí Ayé Parí Sí

Yorùbá kì í rìnrìn-àjò lásán. À ń lọ síbi ìnáwó, à ń lọ sìnkú, à ń lọ rajà, à ń lọ Mẹ́kà tàbí Jerúsálẹ́mù. Ẹlòmíràn lọ kàwé, ó sì gbàgbé ọ̀nà ilé. Ṣùgbọ́n kí àgbàlagbà kan da owó sórí ọkọ̀ òfuurufú, kó lọ sílùú tí kò ti mọ ẹnikẹ́ni, nítorí pé ó fẹ́ wo òkè àti omi, ọ̀rọ̀ yẹn kì í wọ àwọn ará ilé létí. Nígbà tí mo sọ fún ẹ̀gbọ́n màmá mi ní Ògbómọ̀ṣọ́ pé mo ń lọ sí Ushuaia, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Ta ló kú?" Mo ní kò sẹ́ni tó kú, Ìyá. Wọ́n ní, "Iṣẹ́ ni wọ́n fún ọ níbẹ̀?" Mo ní rárá, mo kàn fẹ́ lọ gbatẹ́gùn ni. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. "Ṣé atẹ́gùn ti tán ní London ni?"

Kò tán o, àmọ́ ti Ushuaia ju èyí tí mo béèrè lọ. Ìsàlẹ̀ pátápátá Ajẹntínà ni ìlú náà wà, létí omi tí wọ́n ń pè ní Beagle, òkè oníyìnyín ló fẹ̀yìn tì. Oṣù Kejìlá ni mo lọ, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn nìyẹn, síbẹ̀ ooru ojú ọjọ́ kì í sábà kọjá 15 lórí òṣùwọ̀n Celsius lọ́sàn-án. "Ìpẹ̀kun ayé" ni wọ́n kọ sára ife, sára fìlà, sára ọkọ̀ ojú irin. Inú àwọn ará Puerto Williams tó wà lódìkejì omi, ní ilẹ̀ Chile, kò dùn sí èyí rárá, torí ìlú tiwọn tún jìn sísàlẹ̀ jù ú lọ, ìjọba wọn sì ti gbé e sípò ìlú ńlá láti 2019. Nílé, ta ló kọ́kọ́ dé, ta ló jẹ́ àgbà, ni ìlú fi ń bá ìlú jà. Níbẹ̀, ta ló kẹ́yìn ni wọ́n ń jà sí.

Ọgbà ẹ̀wọ̀n ló sọ ibẹ̀ dìlú. Àwọn ọ̀daràn ni wọ́n kó wá, àwọn ló ń gé igi nínú igbó, ọkọ̀ ojú irin kékeré kan ló ń gbé wọn lọ tó ń gbé wọn bọ̀. Wọ́n ti ẹ̀wọ̀n náà pa ní 1947, ó ti di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé báyìí. Ọkọ̀ ojú irin wá di ti arìnrìn-àjò afẹ́. Ẹni tó jalè, ọ̀fẹ́ ni wọ́n gbé e. Èmi tí n kò jí abẹ́rẹ́, mo sanwó.

Ọjọ́ Àìkú ni ọ̀rọ̀ tó ń dùn mí yìí ṣẹlẹ̀. Láàárọ̀, mo bá ọkọ̀ lọ sí Lapataia, níbi tí títì Ruta 3 tó ti Buenos Aires wá ti tán. Pátákó ibẹ̀ ní kìlómítà 3,079 ni. Mo ya fọ́tò, otútù wọ eegun mi, mo sì pa dà sígboro nígbà tí aago mẹ́rin ń lọ lù. Ebi dé. Ẹ sì mọ irú ebi tí otútù máa ń rán níṣẹ́.

Gbogbo ilé oúnjẹ ló ti tì. Oúnjẹ ọ̀sán wọn ti ń káṣẹ̀ nílẹ̀ láago mẹ́ta, ti alẹ́ sì di aago mẹ́jọ. Ilé kọfí kan ṣí, n ò ní purọ́ mọ́ wọn. Mo mu kọfí, mo jẹ kéèkì. Ṣùgbọ́n ta ni yóò jẹ kéèkì tán tí yóò ní òun ti jẹun?

Ibi tí mo ti ń rìn lọ ní òpópónà San Martín ni mo ti rí i. Lẹ́yìn gíláàsì fèrèsé ńlá kan, iná igi ń jó lala nílẹ̀, wọ́n sì na odidi ọ̀dọ́ àgùntàn mélòó kan mọ́ irin alágbèélébùú yí iná náà ká. Ọ̀rá ń kán tó, tó, tó sínú eérú. Ẹ̀yìn wọn ti pọ́n. Ọkùnrin kan tó sán épírọ̀nù, tó ki ọ̀bẹ gígùn bọ ìgbànú, ń fi omi iyọ̀ wọ́n wọn ní sùúrù. Mo ti ilẹ̀kùn. Kọ́kọ́rọ́ ti wà níbẹ̀.

Mo kan gíláàsì. Mo nawọ́ sí àgùntàn, mo nawọ́ sẹ́nu. Ó rẹ́rìn-ín, ó na ìka mẹ́jọ sókè. Èmi lérò pé ó ń sọ pé ènìyàn mẹ́jọ ló máa ń jẹ àgùntàn kan, mo bá na ìka kan: èmi nìkan ni. Ó mi orí, ó tún na mẹ́jọ. Mo na ìka kan, mo fi ọwọ́ kejì di ikùn mú kó lè yé e. Ó tọ́ka sí aago ara ògiri, ó gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé àtẹ́lẹwọ́, ó dijú. Wọ́n ń sùn! Ẹran ń yan, onílé ń sùn, àlejò wà níta.

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Nílé wa, ta ni yóò ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹni tí owó ń bẹ lọ́wọ́ rẹ̀? Ìyá olóúnjẹ tí ẹ bá lójú oorun, yóò dìde, yóò fomi bọ́jú, yóò ní, "Ọkọ mi, mélòó ni kí n bù?" Bí gbẹ̀gìrì bá tán, ewédú wà. Bí ewédú náà tán, yóò rán ọmọ lọ sọ́dọ̀ aládùúgbò.

Ẹnu ìrònú yìí ni mo wà tí atẹ́gùn fi ṣí fìlà lórí mi. Abetí-ajá aṣọ òkè ni mo dé, torí ó ń bo etí, mo sì gbà pé àwọn baba wa ti bá wa ronú ọ̀rọ̀ otútù tán. Ìlú náà dà gẹ̀ẹ́rẹ́ láti òkè wá sétí omi, ajá ìgboro sì pọ̀ níbẹ̀. Fìlà ń yí gbirigbiri lọ sísàlẹ̀, ajá dúdú kan bá fẹnu gbà á. Mo sáré. Ó sáré. Mo pariwo lé e ní Yorùbá, mo pariwo lé e lédè Gẹ̀ẹ́sì, kò gbọ́ ìkankan. Nígbà tí n ó fi gbà á, etí kan ti bá ajá lọ.

Mo jókòó sétí omi kí aago mẹ́jọ ó tó pé. Ní 1520 tí atukọ̀ Magellan gba agbègbè yẹn kọjá, iná àwọn onílẹ̀ tó rí ló mú kí wọ́n pe erékùṣù tí Ushuaia wà ní Ilẹ̀ Iná, Tierra del Fuego. Àwọn Yagán wà lára àwọn onílẹ̀ erékùṣù náà. Láyé ìgbà náà, wọn kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ wọṣọ: ọ̀rá ẹran omi ni wọ́n fi ń para, wọ́n sì ń dáná sínú ọkọ̀ ojú omi pàápàá. Èmi wọ súwẹ́tà mẹ́ta, mo ń gbọ̀n. Cristina Calderón tó gbọ́ èdè wọn láti inú oyún wá kú ní ọdún 2022, lẹ́ni ọdún 93. Kò sẹ́lòmíràn lẹ́yìn rẹ̀ tó fi í ṣe èdè àbínibí. Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu mi níbẹ̀.

Wọ́n ṣílẹ̀kùn láago mẹ́jọ géérégé, oòrùn ṣì ń ràn. Agbáwo béèrè pé ẹni mélòó ni wá. Mo na ìka kan. Ó wo ẹ̀yìn mi bóyá àwọn yòókù ń bọ̀, ó sì mú mi lọ síbi tábìlì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Kò sẹ́lòmíràn, nítorí àwọn onílé kì í jáde jẹun títí aago mẹ́wàá fi ń lọ lù. Ẹran dé. Ó rọ̀, ó lọ́ràá, iyọ̀ nìkan ló sì wà lára rẹ̀. Mo béèrè ata, ó gbé ata dúdú lílọ̀ wá. Mo ní kì í ṣe èyí, ó gbé chimichurri wá: ewé, aáyù, òróró àti ọtí kíkan. Ata kò sí.

Ó wù mí kí n pe ilé, kí n fi gbogbo rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ fún Ìyá. Mo wo fóònù: aago mẹ́sàn-án kọjá níbi tí mo wà, ó ti lé ní aago kan òru l'Ógbómọ̀ṣọ́. Inú bí mi láìnídìí.

Ẹbí kan wá jókòó sí tábìlì kejì, àtìyá àgbà àtọmọ ọwọ́. Ojú èmi àti ìyá àgbà ṣe mẹ́rin bí mo ṣe gbé ẹran sẹ́nu, mo sì gbọ́ tí ẹnu mi ń wí pé, "Ẹ wá jẹun, Mà." Wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n ní, "Provecho." Wọn ò gbọ́ Yorùbá, n ò gbọ́ Spanish, ṣùgbọ́n "á gba ibi ire" kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní London tí mo ń gbé, mo ti jẹun nínú ọkọ̀ ojú irin tí èjìká wa ń kanra, tí ẹni ẹ̀gbẹ́ mi ń wo fèrèsé títí mo fi jẹ tán. Mo gbé ìwọ̀nba tó kù mì, mo san owó.

Ẹni tó bá ń lọ síbẹ̀, kó jẹun kí aago mẹ́ta tó lù, kó di ata gígún sápò, kó sì fi fìlà gidi sílé. Ibẹ̀ dára. Wọn kì í kàn ṣílẹ̀kùn fún ebi ni.