Ọ̀rinrin Kì í Kan Ilẹ̀kùn

Àwọn ọmọ wa ní Lọ́ńdọ̀nù a máa ráhùn pé yàrá abẹ́ ilẹ̀ tí àwọn háyà ń bu. Ṣùgbọ́n ní Ifẹ̀ Oòdáyé, ibi ojúmọ́ ti ń mọ́ wá, níbi tí àwọn tó ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé lásán ní agboolé Wúnmọníjẹ̀ ní 1938 ti pàdé orí idẹ àtijọ́, ta ni yóò láyà láti gbẹ́ yàrá abẹ́ ilẹ̀? Síbẹ̀, ọ̀rinrin ń wọ ilé tiwa náà. Àwọn àgbà ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò ní ráyè wọ̀ ọ́. Ọ̀rinrin ní tirẹ̀ kì í dúró de kí ògiri lanu. Bí òjò oṣù Keje bá ti ń rọ̀ léraléra, omi a fà láti ìpìlẹ̀ gòkè, ọ̀dà a bó, agbádá inú kọ́bọ́ọ̀dù a sì hu irùngbọ̀n funfun. Onílé yóò ní kí ẹ tún ọ̀dà kùn. Ẹ jọ̀wọ́, kí ó kọ́kọ́ la gọ́tà ẹ̀yìnkùlé ná.