Kábíyèsí Jíjò, Ọba Ìdí Ọkọ̀

Jíjò o! Jíjò ọkọ̀ ìgbòkun, mo dọ̀bálẹ̀ fún ọ. Ilẹ̀ ọkọ̀ náà ni mo dọ̀bálẹ̀ sí, ẹ̀wù mi sì ti rin gbingbin láti àyà dé ikùn.

A-wọlé-má-kànlẹ̀kùn.
A-jókòó-má-bèèrè-àga.
Ọmọ ẹ̀kán tín-ín-tín tó bí adágún.
Ọkọ bẹ́ẹ̀dì mi tí kò san owó orí.
A-kán-tótó-lóru, gba oorun lójú ọlọ́kọ̀.

Ọba mìíràn a máa wá ilẹ̀ tó tẹ́jú kó tó tẹ ààfin dó. Ìwọ, ọkọ̀ kékeré tí wọ́n fi fáíbà kọ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láàárín ọdún 1970 sí 1979 lo yàn láàyò. Èbúté tó yí omi Solent ká nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti Portsmouth dé Lymington, kò sí èyí tí o kò ti ní ìjòyè. Ẹni tó ń fi ike gbọ́n omi láàárọ̀ Sátidé, ìránṣẹ́ rẹ ni. Pọ́ǹpù tó ń dún hùn-ùn nídìí ọkọ̀, onífèrè ààfin rẹ ni.

Ìjàpá ọkọ Yánníbo kò gbọ́n tó ọ. O wọlé níwájú, o yọ lẹ́yìn. Ìdí irin tí wọ́n ń dì mú létí dẹ́ẹ̀kì lo gbà wọlé, o yọ́ kẹ́lẹ́ gba àárín dẹ́ẹ̀kì àti àjà, o rìn títí, o wá kán sórí ìrọ̀rí lábẹ́ fèrèsé. Ọlọ́kọ̀ jí, ó bú fèrèsé, ó fi sílíkóònù yí i ká bí ẹni ń lé tìróò fún ìyàwó. Òjò mìíràn rọ̀, o tún kán. Ó fi sílíkóònù lé sílíkóònù. Ó fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ó ń pa làpálàpá! Nínú gbogbo àwọn tó ń sìn ọ́, onísílíkóònù ni àyànfẹ́ rẹ, nítorí bó bá dí ojú ibi tí o ti ń jáde, inú dẹ́ẹ̀kì lo máa jókòó sí, tí o ó máa mú igi àárín fáíbà rẹ̀ jẹrà láìsí ẹni tó rí ọ.

Ẹ jẹ́ ká ki orílẹ̀ rẹ. Ilé méjì lo ti wá, ahọ́n la sì fi ń mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá fi ìka kan omi ìdí ọkọ̀, tó tọ́ ọ lá, tí kò bá níyọ̀, ọmọ òjò ni ọ́: fèrèsé ni, ihò òpó ni, tàbí irin tí wọ́n so okùn òpó mọ́. Àbí táńkì omi mímu ló ti bẹ́. Tó bá níyọ̀, ọ̀dọ̀ Olókun lo ti wá. (Bí omi náà bá wà nítòsí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ọkọ̀, ẹ dákun, ẹ kí i látòkèèrè.)

Ilé Olókun yìí ló lẹ́rù. Kọ́kì tí wọ́n fi ń ti ihò ìsàlẹ̀ ọkọ̀, bó bá jẹ́ idẹ lásán ni wọ́n fi ṣe é, omi iyọ̀ a máa fa síǹkì inú rẹ̀ jáde díẹ̀díẹ̀, a pọ́n, a di ẹlẹgẹ́, títí yóò fi kán sí ọlọ́kọ̀ lọ́wọ́ lọ́jọ́ tó bá fẹ́ tì í. Ihò tí kò fẹ̀ ju íǹṣì kan àbọ̀ lọ, tó wà ní ìdajì mítà sábẹ́ omi, lè da omi tó lé ní 100 lítà wọlé ní ìṣẹ́jú kan. Ọmọ rẹ kan ṣoṣo ló ní ìwé ẹ̀rí: èyí tó ń kán níbi tí ṣáàfù ẹ̀rọ gbà jáde lọ bá propeller. Ní ọkọ̀ àtijọ́, ẹ̀kán díẹ̀díẹ̀ nígbà tí ṣáàfù bá ń yí ló ń mú un tutù. Ẹni tó bá fún un lọ́rùn pátápátá, irin á gbóná, òwú inú rẹ̀ á jó.

Kì í sì í ṣe mẹ̀kúnnù nìkan lo ń dà láàmú. Lọ́dún 1968, nígbà tí Robin Knox-Johnston gbéra láti Falmouth láti nìkan yí ayé ká láì dúró níbì kankan, o bá a nínú òkun Àtìláńtíìkì. Igi tíìkì ni wọ́n fi kan Suhaili, ọkọ̀ rẹ̀, ní Bombay, o sì yọjú láàárín pákó nísàlẹ̀ omi. Ọkùnrin náà bẹ́ sómi, ó ń ki òwú bọ ojú ihò. Ẹja ekurá dé, ọkùnrin náà gun òkè, ó yìnbọn pa á, ó tún padà sómi, ó sì fi bàbà pẹlẹbẹ kàn án mọ́ ọ lójú. Ó dé Falmouth ní April 22, 1969, òun ló kọ́kọ́ ṣe bẹ́ẹ̀ láyé. Kábíyèsí, lọ́jọ́ náà, ẹnì kan bọ̀wọ̀ fún ọ bó ṣe yẹ.

Báyìí la ṣe ń tú ọ fó. A ó gbọ́n ìdí ọkọ̀ gbẹ, a ó nù ún, a ó wá bu pọ́dà ọmọdé sí i. Ibi tí o bá gbà, ilà rẹ á hàn gbangba lára funfun. Ẹnì kan á mú họ́ọ̀sì níta, á bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, á máa gòkè ní pẹ̀lẹ́. Ẹnì kejì á di tọ́ọ̀ṣì mú nínú. Ẹni tó bá ti òkè bẹ̀rẹ̀ ti ba iṣẹ́ jẹ́, torí omi á ṣàn kọjá gbogbo ihò lẹ́ẹ̀kan náà. Bí o bá ṣì ń sá pamọ́, a ó ti fèrèsé pa, a ó fi fáànù fẹ́ atẹ́gùn sínú ọkọ̀, a ó fi ọṣẹ pa ìdí gbogbo irin níta. Ibi tí ọṣẹ bá ti ń hó, adé ti ṣí lórí rẹ nìyẹn.

Lẹ́yìn náà ni sípánà. A ó tú irin náà kúrò, a ó ha igi tó ti jẹrà tó dúdú jáde, a ó fẹ ihò, a ó rọ gọ́ọ̀mù epoxy dí i, tó bá gbẹ a ó tún un lu. Àtè butyl ni a ó fi tẹ́ ìdí irin kí a tó dá a padà, a ó sì máa fún bóòtù rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ní irú ọkọ̀ yìí, ẹ gbẹ́ igi ṣóńṣó tí ẹ ó fi dí ihò bí kọ́kì bá kán, ẹ fi okùn so ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́ ẹ̀gbẹ́ kọ́kì kọ̀ọ̀kan lónìí. Ẹ má sì ra sílíkóònù mọ́ títí ẹ ó fi mọ ibi tí omi gbà wọlé.