Ìjàpá, Alága Epo

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ààlọ́ mi dá fìrìgbagbòó, ó dá lórí Ìjàpá tìrókò ọkọ Yánníbo, ó tún dá lórí kóró òwú kan tó bọ́ sínú pàlàpálá àpáta lórí Òkè Ìdànrè.

Kóró náà kò ju orí ìka ọmọdé lọ, ṣùgbọ́n ìlú ńlá ni. Yàrá inú rẹ̀ kò lóǹkà. Ọ̀rá ni wọ́n fi mọ ògiri yàrá kọ̀ọ̀kan, búlọ́ọ̀kù ọ̀rá kọ̀ọ̀kan sì ní orí kan àti ẹsẹ̀ méjì. Ọ̀mùnú lọba ìlú, ọmọ jòjòló tó ń sùn. Ìjòyè méjì ló ń tọ́jú rẹ̀, Ewé Ìbejì lorúkọ wọn. Ọwọ́ wọn ni kọ́kọ́rọ́ àká epo wà. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ kò joyè. Àwọn onímọ̀ ń pè wọ́n ní ẹ́ńsáìmù. Èmi ó pè wọ́n ní bíríkìlà.

 

Ẹ̀ẹ̀rùn lọ, òjò àkọ́rọ̀ dé. Omi wọ kóró gbígbẹ, ògiri lanu. Ọ̀rá ara ògiri ń já, ó ń di epo tó ń rìn gbéregbère nínú ilé. Irú epo bẹ́ẹ̀ kò dára: ògiri tó bá fara kàn, yíyọ́ ló ń yọ́ ọ. Ni àwọn bíríkìlà bá dìde. Wọ́n ṣa epo tó ń rìn, wọ́n so ó mọ́ orí búlọ́ọ̀kù. Ẹlẹ́sẹ̀ méjì di ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta. Ògiri le. (Èmi kọ́ ni mo dá a sọ. Àwọn onímọ̀ méjì, Chapman àti Moore, ló kọ ọ́ sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1993 pé ọ̀mùnú òwú ń ṣe ọ̀rá ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta yìí.) Wọ́n ń ṣiṣẹ́, wọ́n ń kọrin:

Lílé: Epo ń rìn nílé o!
Ègbè: Mú un, mú un, fi mọgiri!
Lílé: Ẹsẹ̀ méjì ò tó o!
Ègbè: Mú un, mú un, fi mọgiri!

Ìjàpá ń kọjá lọ. Ó gbọ́ "epo". Ó dúró.

Bó ṣe wọ inú kóró, ẹ má bi mí. Ojúkòkòrò kì í wá ilẹ̀kùn tì.

Ó dọ̀bálẹ̀ fún Ọ̀mùnú. "Kábíyèsí, ẹ kú ojú oorun. Àwọn bíríkìlà yín ń ná epo ìlú láìní rìsíìtì. Ẹ fi mí ṣe alága epo." Ọba ń sùn, kò fèsì. Ìjàpá ní, "Ẹ ò rí i? Ó ti fọwọ́ sí i."

Ewé Ìbejì wo ara wọn. Ìjàpá bu epo díẹ̀ fún wọn, nínú epo tiwọn náà. Wọ́n gbà á, wọ́n dúpẹ́. Wọ́n ní, "Alága wa, ọwọ́ yín ò ní gbẹ."

Ó ní kí àwọn bíríkìlà lọ sinmi, òun ó ránṣẹ́ pè wọ́n. Ó gbé pátákó kọ́ ojú ibi tí ògiri ti lanu: IṢẸ́ Ń LỌ LỌ́WỌ́. Epo kán, ó dà á sínú ìkarahun. Epo tún kán, ó tún dà á sínú ìkarahun. Ó jí orin bíríkìlà kọ:

Lílé: Epo ń rìn nílé o!
Ègbè: Mú un, mú un, fi sápò mi!

Yánníbo ní, "Olówó orí mi, omi ń wọlé o."

Ìjàpá ní, "Bómi bá ń wọlé, iṣẹ́ pọ̀ nìyẹn. Bíṣẹ́ bá sì pọ̀, owó iṣẹ́ á lé."

Òjò kejì rọ̀. Ìjàpá tún pátákó kùn. Òjò kẹta rọ̀. Ìjàpá yan igbákejì alága. Òjò kẹrin rọ̀, ògiri yàrá kan wó, èkejì tẹ̀ lé e, ẹ̀kẹta tẹ̀ lé e. Ewé Ìbejì sáré wá àwọn bíríkìlà lọ. Òkú ni wọ́n bá. Kò sẹ́ni tó rántí pé bíríkìlà ń jẹun.

Ìjàpá ti gba ojú ihò jáde. Ṣùgbọ́n ìkarahun kún, ó wúwo, epo ń ta sílẹ̀. Epo dé orí àpáta, ẹsẹ̀ Ìjàpá yọ̀. Àkàsọ̀ 682 ló wà lára Òkè Ìdànrè. Ìjàpá kò fo ọ̀kan. Gbì! Gbì! Gbì! Nígbà tó máa fi délẹ̀, ìkarahun ti fọ́ yángá. Àwọn kan ní ojú ọ̀run ló ti já bọ́. Irọ́ ni. Òkè Ìdànrè ni. Eèrà ya bò ó, wọ́n ń lá epo, wọ́n ń kọrin:

Lílé: Epo ń rìn nílẹ̀ o!
Ègbè: Mú un, mú un, fi sẹ́nu wa!

Kóró yẹn kò hù. Ọ̀mùnú kò jí. Ewé Ìbejì jẹrà ti àwọn ti kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́.

Ìjàpá ti lẹ ìkarahun rẹ̀ pọ̀. Ó ti kọ̀wé sí kóró tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pé òun nírìírí lórí ọ̀rọ̀ epo. Òjò ò ní pẹ́ rọ̀. Bó bá kan ilẹ̀kùn yín, ẹ má ka pátákó ọwọ́ rẹ̀. Ẹ ní kó lọ pe bíríkìlà wá.