Ẹyin Tí Kò Mọ Àkùkọ

Ẹ̀kọ́ bàólọ́jì ló kó bá mi. Nígbà tí mo wà ní girama, kò sẹ́ni tó lè ya àwòrán sẹ́ẹ̀lì tó ń pín sí méjì bíi tèmi, mo sì ń fi yangàn títí dòní. Nítorí náà, nígbà tí àgbébọ̀ adìẹ ìyá ìyàwó mi sàba lórí ẹyin mẹ́ta péré, tí àwọn ọmọ ilé ti sọ ìyókù di ẹyin díndín, mo ní ìdí adìẹ yìí ń ṣòfò. Adìẹ tó ti fìdí mọ́lẹ̀, tí ara rẹ̀ ti gbóná, kí ló tún kù bí kò ṣe ẹyin? Ẹyin sì kún Ọjà-Ọba.

Mo pe gbogbo ilé jọ, mo fi ṣọ́ọ̀kì ya sẹ́ẹ̀lì kan sára ògiri. Mo ní ọ̀kan á di méjì, méjì á di mẹ́rin, mẹ́rin á di mẹ́jọ, títí tí yóò fi di adìẹ tó ní ojú, ìyẹ́ àti àgógó. Mo ní ooru ló ń ṣe gbogbo rẹ̀. Ìyá ìyàwó mi, tí kò lọ sílé ìwé ju ilé kéwú lọ, wò mí títí, wọ́n ní, "Àna mi, ẹ rọra o." Mo rẹ́rìn-ín. Mo ti ṣèlérí òròmọdìẹ fún àwọn ará àdúgbò. Ọ̀kan nínú wọn tilẹ̀ ti sanwó sílẹ̀, ó ní kí n bá òun sin tòun títí di Iléyá.

Ẹni tó bá mọ Ìlọrin mọ Ọjà-Ọba, lẹ́bàá ààfin Ẹ́míà níbẹ̀, tí òórùn ata gbígbẹ á ti kí i káàbọ̀ kó tó rí ọlọ́jà kankan. Mo dúró ti ìyá kan tó to kiréètì ẹyin jọ gègèrè. Mo ń mú ẹyin lọ́kọ̀ọ̀kan, mò ń mì í létí, mo sì ń mirí bí ẹni tó gbọ́ nǹkan. N kò gbọ́ nǹkan kan.

Wọ́n ní, "Bàbá, ṣé ẹ fẹ́ ṣe ìnáwó ni?"

Mo ní rárá o, jíjẹ ni. Irọ́ ni mo pa. Mo rò pé bí wọ́n bá mọ̀ pé adìẹ ni mo fẹ́ sọ ọ́ dà, wọn á fowó lé e.

Wọ́n wá fi àwọn ńláńlá kan hàn mí, wọ́n ní ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ní pupa méjì. Ojú mi là. Ìbejì! Mo mọ ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Nínú irú ẹyin bẹ́ẹ̀, pupa méjì ló já bọ́ pọ̀, tí èèpo kan ṣoṣo sì bò wọ́n. Ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ ìbejì tiwa fi ń wáyé kò jìnnà sí i: ẹyin méjì ló jáde nínú ìyá lóṣù kan náà. Dókítà Nylander tó ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn ka ìbí ní Igbó-Ọrà ní àwọn ọdún 1960, ó sì rí bí ìbejì 45 nínú ìbí 1,000. Àwọn ìbejì tó jọra délẹ̀délẹ̀, tó jẹ́ pé oyún kan ló là sí méjì, kò ju bí 4 lọ nínú 1,000, bẹ́ẹ̀ ló sì rí káàkiri ayé. Mo dúró láàárín ọjà, mò ń ṣírò iye adìẹ tí kiréètì kan yóò fún mi bí gbogbo ẹyin inú rẹ̀ bá bí ìbejì. Ohun tí n kò rò ni pé ikùn ìyá máa ń fẹ̀ sí i, èèpo ẹyin kì í fẹ̀. Òròmọdìẹ méjì kì í sábà rí àyè yíra padà nínú èèpo kan. Mo sanwó lé e.

Nígbà tí mo délé, mo fi ọṣẹ fọ gbogbo wọn, nítorí ìmọ́tótó. Mo ti èyí tí adìẹ lè bò sábẹ́ rẹ̀, mo to ìyókù sínú páálí, mo so gílóòbù iná kọ́ ọ lókè. Gílóòbù ìgbàlódé tí kì í jẹ iná púpọ̀ ni. Kò sì gbóná rárá! Ó ń tàn yòò, inú páálí sì tutù bí ilẹ̀ mọ́sáláṣí ní àsùbáà. Lọ́jọ́ tí mo tó kíyè sí i, wọ́n ti mú iná lọ.

Ọjọ́ 21 ni ẹyin adìẹ fi ń pa. Ó pé, ó kọjá. Adìẹ dìde fúnra rẹ̀, ó ń jẹ̀ kiri. Mo lé e padà. Ó tún dìde. Mo fi apẹ̀rẹ̀ dé e mọ́lẹ̀, mo gbé òkúta lé e. Ìyá ìyàwó mi kò sọ nǹkan kan, wọ́n kàn ń fi ìṣẹ́po ìborùn bo imú.

Inú bí mi, mo kó ẹyin sínú àpò, ó di Ọjà-Ọba láti lọ gba owó mi. Nínú kẹ̀kẹ́, awakọ̀ wo ẹsẹ̀ mi, ó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀, kò sọ̀rọ̀.

Mo gbé àpò kalẹ̀ gbì níwájú ìyá ẹlẹ́yin. Ó yẹ kí n rọra gbé e. Òbu kan bú gbàmù! Ó ta sí jalabíà mi, ó ta sí abọ́ wàrà obìnrin tó jókòó tì wọ́n. Láàárín ìṣẹ́jú kan, kò sẹ́ni tó dúró ní ìlà náà mọ́ àfi èmi.

Nígbà tí wọ́n padà, mo ní, "Alhaja, ẹyin tẹ́ ẹ tà fún mi kò pa."

"Kò pa kí ni?"

"Kò pa ọmọ."

Wọ́n wò mí, wọ́n wo ara wọn. "Wáláì, Bàbá, adìẹ àgíríìkì ló yé e! Inú kéèjì ló dàgbà sí, kò rí àkùkọ rí. Ṣé ìyàwó tiyín dá lóyún ni?"

Ẹ̀rín wọn dé ọ̀dọ̀ àwọn alápatà. Èmi sì dúró, mò ń rántí ojú ewé kejì tí mo fò nígbà tí mò ń yàwòrán. Sẹ́ẹ̀lì ara adìẹ ní krómósóòmù 78. Bó bá fẹ́ pín, á kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà gbogbo rẹ̀, kí sẹ́ẹ̀lì méjèèjì tó jáde lè ní 78 pé. Ṣùgbọ́n 39 péré ló wà nínú ẹyin, 39 yòókù ọwọ́ àkùkọ ló wà. Bí àkùkọ bá ti gun àgbébọ̀, àtọ̀ rẹ̀ lè wà lára rẹ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ méjì, ó ń dúró de pupa kọ̀ọ̀kan tó bá já bọ́, kí funfun àti èèpo tó bò ó. Ẹyin á lo bí ọjọ́ kan gbáko nínú ara ìyá rẹ̀, tí yóò bá fi jáde, sẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀ ti di ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Òtútù ìta ló ń dá a dúró. Ooru adìẹ tó sàba kò bẹ̀rẹ̀ nǹkan kan, ó kàn ń bá iṣẹ́ tó ti wà nílẹ̀ lọ ni. Nínú tèmi, kò sí iṣẹ́ kankan nílẹ̀.



Síbẹ̀, sẹ́ẹ̀lì pín nínú ẹyin mi. Ọṣẹ tí mo fi fọ̀ ọ́ ló bó ìbora fẹ́lẹ́ tó ń dí ojú ihò tíntìntín ara èèpo, bakitéríà sì wọlé. Bakitéríà kì í dúró de àkùkọ. Bí oúnjẹ àti ooru bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, òmíràn lè là sí méjì láàárín 20 ìṣẹ́jú, ọ̀kan á di 4,096 láàárín wákàtí mẹ́rin. Adìẹ ìyá ìyàwó mi sàba, ó sì pa. Bakitéríà ló pa.

Mo ra gbogbo wàrà inú abọ́ yẹn, mo sì dá owó aládùúgbò mi padà. Ìyá ẹlẹ́yin kò dá kọ́bọ̀ padà fún mi, n kò sì bá wọn wí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá fẹ́ ẹyin tí yóò pa, ẹ wá ti adìẹ ìbílẹ̀ tó ń bá àkùkọ jẹ̀. Ẹ má fọ̀ ọ́, ẹ má mì í, ẹ má jẹ́ kó pẹ́ ju bí ọ̀sẹ̀ kan lọ kẹ́ ẹ tó gbé e sábẹ́ adìẹ. Bó bá di ọjọ́ keje, ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wò ó nínú òkùnkùn. Èyí tí iṣan pupa ti là kiri nínú rẹ̀ ń di adìẹ bọ̀, èyí tó ṣì mọ́ gaara, ẹ tètè yọ ọ́ kúrò. Kẹ́ ẹ sì sọ fún ẹni tó ń tà á pé adìẹ lẹ fẹ́ fi sàba lé e. Mo ti bi wọ́n: wọn kì í torí ìyẹn fowó lé e.