Ta Ni Yóò Bá Mi Tú Ẹrù Yìí?

Ẹni tí òkè bá dá padà, òkè náà ló máa ń bú: òjò pọ̀ jù, ọ̀nà ga jù, èjìká ń ro òun. Lọ́pọ̀ ìgbà, òkè kò mọwọ́ kò mẹsẹ̀. Inú yàrá ni nǹkan ti bàjẹ́, lọ́jọ́ tí ẹrù wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀, tí inú ń dùn, tí ẹsẹ̀ kò tíì rìn dé ẹnu ọ̀nà. Mo lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ ọ́, torí ara àwọn ọ̀daràn náà ni mí. Olẹ́rù ni mí. Irú wa a máa mú tọ́ọ̀ṣì kan, a ó mú èkejì torí èkíní lè kú, a ó mú bátìrì tí yóò ran méjèèjì lọ́wọ́, a ó wá lọ ra àpò tómi ò lè wọ̀ nítorí bátìrì. Kò sí èyí tí kò bọ́gbọ́n mu níbẹ̀, ohun tó sì burú nínú rẹ̀ gan-an nìyẹn. Ẹni tó ń dá di ẹrù, òun ló ń bi ara rẹ̀ léèrè, òun ló ń dá ara rẹ̀ lóhùn, kò sì ní gbọ́ ìdáhùn tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn láé. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé ẹni tó fẹ́ dá rin òkè fún oṣù gbọọrọ kò nílò ẹnìkejì lórí òkè tó bó ṣe nílò rẹ̀ lọ́jọ́ tó ń di ẹrù.

Ẹ jẹ́ ká mú Appalachian Trail ní Amẹ́ríkà. Benton MacKaye ló dá a lábàá ní 1921, wọ́n sì là á tán ní 1937. Láti Springer Mountain ní Georgia títí dé òkè Katahdin ní Maine, ó lé ní kìlómítà 3,500, ìpínlẹ̀ 14 ló sì gbà kọjá. Ẹni tó bá fẹ́ rìn ín tán lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo yóò lo bí oṣù márùn-ún sí méje. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò jìnnà sí Atlanta, níbi tí àwọn èèyàn wa pọ̀ sí: ẹ ó wakọ̀ dé Amicalola Falls, níbi tí àtẹ̀gùn 604 ti ń dúró dè yín lẹ́bàá ìtàkìtì omi, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lọ sí Springer. Òṣùwọ̀n wà níbẹ̀ tí èèyàn lè fi àpò rẹ̀ kọ́. Ẹni tó bá mọ òṣùwọ̀n pápákọ̀ òfuurufú, tó ti rí ìyá tó ń tú ẹja gbígbẹ àti èlùbọ́ palẹ̀ níwájú kántà nítorí kílò 23, lè rò pé ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Rárá o. Òṣùwọ̀n pápákọ̀ ní ẹnu: ẹnì kan wà lẹ́yìn rẹ̀ tí yóò ní kí ẹ sanwó tàbí kí ẹ yọ ọ́. Ti òkè kàn ń dárúkọ iye ni. Ó ní kílò 25, ẹ ní “hẹn-ẹn,” ẹ gbé àpò kọ́ èjìká, ó di gbéré.

Nǹkan bíi máìlì 31 sí Springer, ọ̀nà náà já sí títì ní Neel Gap, ó sì gba abẹ́ òrùlé ilé olókùúta kan kọjá, níbi tí wọ́n ti ń ta ohun èlò àwọn arìnkè. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni bàtà àwọn tó ti sú fi ń so rọ̀ lórí igi iwájú ilé náà. Iṣẹ́ kan tí wọ́n mọ àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ sí ni pé wọ́n á bá yín da àpò yín sílẹ̀, wọ́n á mú nǹkan kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́, wọ́n á bi yín pé kí lẹ fẹ́ fi ṣe. Ọ̀bẹ kejì ńkọ́? Ṣòkòtò jíǹsì yìí ńkọ́? Èyí tí kò bá ní ìdáhùn, inú páálí ni, ó di ọ̀dọ̀ àwọn ará ilé. Ẹ wò ó dáadáa: kò sí ohun tí òṣìṣẹ́ yìí sọ tí ẹ̀yìn arìnrìn-àjò náà kò ti sọ fún un láti ọjọ́ kìíní. Ó mọ̀ pé ẹrù wúwo. Síbẹ̀, kò yọ abẹ́rẹ́ kan, títí ẹlòmíràn fi béèrè. Ìdáhùn tó dùn nínú ọkàn a máa ti èèyàn lójú tó bá gba ẹnu jáde. Ọ̀rọ̀ yìí sì le fún ẹni tó dá lọ ju fún ẹlòmíràn lọ. Bí ẹni méjì bá jọ ń lọ, ọ̀kan á gbé àgọ́, ìkejì á gbé sítóòfù àti ìkòkò. Ẹni tó dá lọ ló ni gbogbo rẹ̀. Lítà omi kan, kílò kan ni, omi kò sì gba ẹ̀bẹ̀.

Ẹnì kan lè ní ṣebí íntánẹ́ẹ̀tì wà báyìí, tí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n to ẹrù wọn sí fún ẹni gbogbo. Ó wà lóòótọ́, ibẹ̀ sì ni irú àwa ti ń kó sí wàhálà. Ìwé ẹrù ẹlòmíràn kì í béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ wa. Àfikún ló ń ṣe. A ka ti ẹnì kan, a fi ìbẹ̀rù rẹ̀ kún tiwa, a ka ti èkejì. Ẹlòmíràn á ní ìbẹ̀rù ọ̀hún kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Mo gbà. Ọ̀nà yìí kan náà ló gba orí Mount Washington kọjá ní New Hampshire, níbi tí wọ́n ti wọn atẹ́gùn tó sáré kìlómítà 372 láàárín wákàtí kan ní oṣù Kẹrin 1934. Òtútù ń pani níbẹ̀, aṣọ òwú tó bá sì ti rin kì í mú ara móoru mọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń bá wa tú ẹrù kò wá láti yọ nìkan. Òun náà ni yóò béèrè pé ẹ̀wù òjò dà. Olẹ́rù tó ní tọ́ọ̀ṣì méjì lè jẹ́ ẹni tí gbogbo aṣọ rẹ̀ jẹ́ òwú, torí ẹrù tó pọ̀ máa ń fi ẹni lọ́kàn balẹ̀ láìtọ́.

Àtakò tó le jù ni ti Emma Gatewood. Ní 1955, ìyá ọlọ́mọ mọ́kànlá yìí, ẹni ọdún 67 láti Ohio, dá rin ọ̀nà náà tán pẹ̀lú àpò tó fọwọ́ ara rẹ̀ rán, tó gbé kọ́ èjìká kan, bàtà kańfáásì lẹ́sẹ̀, aṣọ ìkélé ilé ìwẹ̀ dípò àgọ́. Kò bá ẹnikẹ́ni dámọ̀ràn. Ó kàn sọ fáwọn ọmọ pé òun fẹ́ lọ rìn díẹ̀ ni. Ta ló bá màmá yìí tú ẹrù? Mo ní òkè ni. Ní 1954 ó ti kọ́kọ́ gbìyànjú láti ìhà Maine, ó sọnù, gíláàsì ojú rẹ̀ fọ́, àwọn aṣọ́gbó sì gbà á níyànjú pé kó máa lọ sílé. Òkè náà lè béèrè ìbéèrè, owó iṣẹ́ rẹ̀ ló wọ́n. Bẹ́ẹ̀, ẹni tó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣiṣẹ́ oko mọ ohun tí èjìká lè gbé ju àwa tí à ń gbé kọ̀ǹpútà lọ, ọ̀pọ̀ alẹ́ ló sì jẹ́ pé ilé àwọn tí kò mọ̀ rí ló sùn.

Ó kù sọ́wọ́ ẹni tí a ó pè. Kì í ṣe ìyá ẹni. Ìyá kì í yọ nǹkan kúrò nínú ẹrù ọmọ rẹ̀. Yóò fi àgbo kún un, yóò fi aṣọ òtútù mẹ́ta lé e, yóò gbàdúrà sí i. Àbúrò tí kò bẹ̀rù wa ni kí á pè, èyí tó lè gbé ọ̀bẹ kejì sókè kó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ta lẹ fẹ́ gún?” Ohun kan ṣoṣo tí ìyá fi sí i tí àbúrò kò gbọ́dọ̀ yọ ni gààrí. Kò gba iná, kò gba ìkòkò, omi tútù tó o, ó ń wú nínú ife, kò sì sí oúnjẹ gbígbẹ olówó ńlá tí wọ́n ń tà fáwọn arìnkè tó ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣúgà ni ká díwọ̀n.