Oríkì Tó Di Dọ́là

Àwọn àgbà ní ẹni tó bá bèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Èmi tí mo ti hu ewú lórí, tí mo fi Windows sílẹ̀ bọ́ sínú Ubuntu láìbi ẹnikẹ́ni léèrè ohun kan ju iye owó iṣẹ́ lọ, ta ni kí n wá dá lẹ́bi? Oṣù kìn-ín-ní ọdún 2020 ni Microsoft ṣíwọ́ àtúnṣe Windows 7, èyí tí kọ̀ǹpútà mi ní Bódìjà ń lò, kò sì pẹ́ lẹ́yìn náà tí fáírọ́ọ̀sì tí mo fi fíláàṣì gbé bọ̀ láti ilé ìtẹ̀wé kan ní Àgbowó bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwọn fáìlì mi pamọ́ fún mi nínú ilé ara mi. Ọmọkùnrin tó máa ń bá mi tún ẹ̀rọ ṣe ní, "Dádì, ẹ jẹ́ ká fi Ubuntu sí i. Ọ̀fẹ́ ni, fáírọ́ọ̀sì yìí ò sì ní ríbi dúró." Ó ní Linux tí Linus Torvalds ọmọ ilẹ̀ Finland gbé jáde ní 1991 ni ìpìlẹ̀ rẹ̀, àti pé Mark Shuttleworth, ọmọ South Africa, ló dá Ubuntu sílẹ̀ ní 2004. Bí mo ṣe gbọ́ South Africa, mo ní ti aláwọ̀ wa ni, láìmọ̀ pé òyìnbó ibẹ̀ ni ọ̀gbẹ́ni náà, mo sì gbà. Ìyàwó tí a fẹ́ lójú ijó nìyẹn.

Ètò ìṣirò orí kọ̀ǹpútà tí mo fi ń ka owó ẹgbẹ́ wa ló kọ́kọ́ kọ̀ tí kò ṣí. Mo tẹ̀ ẹ́ títí, mo sì pe ọmọ náà pé Ubuntu rẹ̀ ti kú. "Exe ni, sà. Ti Windows nìyẹn." Mo bú u díẹ̀.

Oríkì ni baba ọ̀rọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi àgbà fẹ́ ṣe ayẹyẹ ọgọ́rin ọdún ní gbọ̀ngàn kan ní Ring Road, èmi akọ̀wé ẹbí sì ni wọ́n ní kí n tẹ oríkì rẹ̀ sínú ìwé ètò. Ó ti wà lọ́wọ́ mi tipẹ́, ṣùgbọ́n fọ́ǹtì àtijọ́ ni mo fi tẹ̀ ẹ́, irú èyí tí ẹni tó ṣe é ya àwòrán "ọ" sí ibi tí àmì dọ́là ń gbé. Kọ̀ǹpútà kò mọ "ọ" kankan, dọ́là ló mọ̀. Fọ́ǹtì ló ń da aṣọ bò ó lójú wa. Bẹ́ẹ̀, ìlànà Unicode ti fún "ọ" ní nọ́ńbà tirẹ̀, 1ECD, ó fún "ẹ" ní 1EB9, ó sì fún àmì ohùn tó ń gùn wọ́n ní tirẹ̀ lọ́tọ̀, tí ọ̀rọ̀ ẹni yóò fi dọ́gba nínú ẹ̀rọ gbogbo. Kódà, kíbọ́ọ̀dù Yorùbá wà nínú Ubuntu náà, lábẹ́ orúkọ Nàìjíríà, tí n kò yà wò.

Nígbà tí mo ṣí fáìlì oríkì náà nínú Ubuntu, "ọmọ olówó" ti di "$m$ olówó". Mo ní ojú Ubuntu ni kò tíì là sí Yorùbá. Bí fáìlì náà bá ti dé iwájú Windows àwọn atẹ̀wé ní Challenge, ara rẹ̀ á balẹ̀. Mo fi fáìlì ránṣẹ́, n kò fi fọ́ǹtì ránṣẹ́. Ọmọbìnrin ìdí ẹ̀rọ pè mí: "Sà, àwọn àmì kan wà nínú ẹ̀ o. Ṣé bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa wà?"

Ẹ̀yin tí ẹ ti gbé iṣẹ́ Yorùbá lọ fún atẹ̀wé rí, ẹ mọ ohun tó ń dùn mí. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń gé àmì mi dànù. Mo jágbe mọ́ ọn: "Kò gbọdọ̀ sí àmì kan tí yóò yẹ̀! Bó ṣe wà gan-an ni kí o tẹ̀ ẹ́!"

Ọmọ náà gbọ́ràn.

Lọ́jọ́ ayẹyẹ, alága ìjókòó, ẹni tí kì í fi ojú fo ọ̀rọ̀, gba gbohùngbohùn, ó ní, "Dọ́là, m, dọ́là, olówó!" Àwọn ìyàwó ilé dáhùn, "Àṣẹ!" Ó tún kà á síwájú, dọ́là ń rọ̀, àṣẹ ń dún, mo sì ti ń fi ojú wá ẹnu ọ̀nà nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi fi ìka pè mí.

"Akọ̀wé, mo rí iye tí o kọ sára oríkì mi. Ìgbà wo lo máa kó o wá?"