Ẹ̀gbọ́n Sẹ́ńsọ̀

Ẹ mọ̀ ọ́n. Bí kò bá sí ní àdúgbò yín, òun ló fẹ́ àǹtí yín, tàbí kí ẹ jọ máa ṣiṣẹ́ ní báńkì. Ẹ́sítéètì tó ní géètì ló ń gbé, ní Magodo, Gbàgádà tàbí Lekki. Ó ti lé lógójì ọdún. Kì í mutí, kì í yáwó, kì í sì í sáré tẹ̀lé obìnrin, ìdí nìyẹn tí ìyàwó rẹ̀ kò fi rí ẹni tó máa dá a lóhùn bó bá fẹjọ́ rẹ̀ sùn. Àìsàn kan ṣoṣo ló ń ṣe é: bó bá rí ohun tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, ara kò ní rọ̀ ọ́ àfi tó bá so wáyà mọ́ ọn.

Ìlẹ̀kùn rẹ̀ ń béèrè nọ́ńbà. Béèlì ẹnu ọ̀nà ń pè é lórí fóònù lọ́fíìsì ní Marina, kí ó lè fẹnu ara rẹ̀ sọ fún àlejò pé òun kò sí nílé. Gílóòbù pálọ̀ gbọ́ Òyìnbó, kò gbọ́ Yorùbá, ìyá rẹ̀ tó wá kí i láti Ìjẹ̀bú-Igbó sì jókòó nínú òkùnkùn títí ọmọ fi ti ibi iṣẹ́ dé. Gbogbo ìyẹn, mo lè fi ṣe òṣùkà kí n gbé e rù. Ti dígí ni mi ò lè gbé.

Ó ra mọ́níítọ̀ àlòkù ní Computer Village, ó tú ike ara rẹ̀ dànù, ó sì gbé dígí kan lé e lójú, irú èyí tí iná ẹ̀yìn rẹ̀ ń là jáde, tí àwọn ọlọ́pàá inú fíìmù máa ń dúró sẹ́yìn rẹ̀. Raspberry Pi ló ń darí rẹ̀, kọ̀ǹpútà tí kò ju káàdì ATM lọ, tí wọ́n gbé jáde ní Cambridge ní 2012 kí àwọn ọmọdé lè fi kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Àwọn ọmọ Ẹ̀gbọ́n Sẹ́ńsọ̀ kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Sọ́fítíwià rẹ̀, MagicMirror, ọ̀fẹ́ ni. Ará Netherlands kan, Michael Teeuw, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 2014. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ parí, aago yọ lójú dígí, ọjọ́ yọ, ìròyìn yọ, dígí sì sọ fún un pé ooru mú l'Ékòó.

Sọ́fítíwià náà ní àwọn ọ̀rọ̀ ìpọ́nni tó bá a wá, tí Ẹ̀gbọ́n kò ráyè yí padà. Ìyá ìyàwó rẹ̀ dúró síwájú dígí náà lọ́sàn-án kan láti tún gèlè ṣe, dígí bá kọ ọ́ gàdàgbà ní Òyìnbó pé ara Màmá ń dá ọkùnrin lọ́rùn. Màmá kà á. Wọ́n tún un kà. Wọ́n wá bi ọmọ wọn pé ta ló wà lẹ́yìn ògiri.

Ṣùgbọ́n mọ́níítọ̀ kò ṣeé tàn sílẹ̀ tọ̀sán-tòru, ibẹ̀ ni sẹ́ńsọ̀ tó ń tàn án bí èèyàn bá dé, tó ń pa á bí èèyàn bá lọ, ti wọlé, tí àwáwí sì tẹ̀lé e. "Àbúrò, owó iná ni mò ń dín kù. Àbí o ò mọ ohun tí Band A ń fojú wa rí ni?" Ẹ rọra gbọ́ gbólóhùn yẹn. Tọkàntọkàn ló fi ń sọ ọ́. Ó ń sọ ọ́ fún àlejò, ó ń sọ ọ́ fún pásítọ̀, ó sọ ọ́ fún káfíńtà tó wá gbẹ́ férémù. Dígí tí ìyàwó rẹ̀ gbé wá láti ilé bàbá rẹ̀, èyí tó wà lára ògiri yẹn tẹ́lẹ̀, kò jẹ iná rí láyé rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n yọ ọ́ kúrò. Ó fi èyí tó ń jẹ wáàtì 25 dípò rẹ̀. Ó wá tún náwó lé owó láti dín iná tí òun fọwọ́ ara òun fà wọlé kù, ìṣọ́wóná ló sì ń pè é.

Mo bá a ṣírò rẹ̀. Nígbà tí wọ́n kéde owó iná Band A loṣù kẹrin 2024, ₦225 ni yúníìtì kan. Bí mọ́níítọ̀ náà bá tàn fún wákàtí 24, iná ₦135 ló jẹ. Bí sẹ́ńsọ̀ bá jẹ́ kó tàn fún wákàtí méjì péré, ó di bíi ₦11. Ó káre. Ṣùgbọ́n Pi kò gbọdọ̀ sùn, torí òun ni sẹ́ńsọ̀ ń jíṣẹ́ fún. Bó bá ń jẹ wáàtì mẹ́rin tọ̀sán-tòru, ìyẹn tó ₦22. Iná tí Pi ń jẹ níbi tó ti ń retí ẹni tí yóò wo dígí fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì èyí tí mọ́níítọ̀ ń jẹ nígbà tí wọ́n bá ń wò ó.

"Ìyẹn kéré," ni Ẹ̀gbọ́n wí.

Ó kéré lóòótọ́. Kí ló wá dé tí ẹ fi ń fi owó iná lọ̀ wá? Kò sóhun tó burú nínú eré. Bí àgbà ọkùnrin bá sọ pé eré ló wu òun, màá fa àga, màá bá a mú sukudíráfà dání. Ṣùgbọ́n kí èèyàn máa ṣeré kó máa pè é ní ẹbọ tí òun ń rú nítorí ìdílé, ìyẹn ni mi ò gbà. Gílóòbù ẹnu géètì ọkùnrin yìí ti jó láti ìgbà òjò. Tọ́ọ̀ṣì fóònù ara rẹ̀ ni mẹ́gáàdì fi ń ṣílẹ̀kùn fún un lálaalẹ́. Ẹ̀gbọ́n ní òun ń wo irú sẹ́ńsọ̀ tó yẹ ibẹ̀.

Sẹ́ńsọ̀ ara dígí náà kò ríran. Ooru ara tó bá ń rìn nìkan ló ń mọ̀. Ẹ̀yìn dígí ni Ẹ̀gbọ́n kọ́kọ́ fi pamọ́ sí kó má ba ẹwà jẹ́, kò sì mọ̀ pé dígí kì í jẹ́ kí ooru ara kọjá. Odindi Sátidé ló fi ń ju apá síwájú rẹ̀ bí ẹni tó ń dá dáńfó dúró. Ó wá lu ihò sí ìsàlẹ̀ férémù, ike funfun ṣóńṣó yọ orí síta. Ìdè kékeré méjì wà lára rẹ̀ tí wọ́n ń fi sukudíráfà yí: ọ̀kan fún bí yóò ṣe mọ èèyàn jìnnà tó, mítà mẹ́ta sí méje, èkejì fún bí yóò ṣe pẹ́ tó kó tó paná, ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún sí ìṣẹ́jú márùn-ún. Ìdè kejì yìí ló ń jẹ ayé rẹ̀. Bó bá yí i sọ́tùn-ún, iná ń tàn fún ẹni tó ti wọ mọ́tò lọ. Bó bá yí i sósì, á paná mọ́ ẹni tó dúró síbẹ̀ lójú. Lọ́sàn-án, kọ́tìnnì tí oòrùn ti mú gbóná á fẹ́ lẹ́lẹ́, dígí sì jí láti ka ìròyìn fún kọ́tìnnì. Bí àlejò bá dé, ẹ kò tíì jókòó tí yóò ti ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà sẹ́nu ọ̀nà. Ó yá, ẹ máa bọ̀. Ẹ rọra. Ẹ rí i?"

Lọ́jọ́ kan, ìyàwó rẹ̀ ń lé tìróò níwájú dígí, ẹni tó sì ń lé tìróò kì í mira. Aago kú, ìròyìn kú, dígí dúdú kirikiri, ojú obìnrin náà sì wá hàn ketekete nínú rẹ̀, torí ìgbà tí mọ́níítọ̀ bá kú ni dígí yẹn ń ṣe dígí dáadáa. Ọkọ fò dìde lórí àga, ó ń jupá lẹ́yìn rẹ̀ kí iná lè padà. Ọwọ́ yẹ̀, tìróò gba ẹ̀rẹ̀kẹ́ lọ.

Ẹ̀gbọ́n ti rí ojútùú sí i. Sẹ́ńsọ̀ mìíràn wà tó ń lo rádà, tó lè mọ èémí ẹni tó dúró jẹ́ẹ́, ó sì ti sanwó rẹ̀. Mo bi í léèrè pé kí ni yóò fi èyí tó wà nílẹ̀ ṣe. Ó ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àlejò lòun ń gbé e lọ, kí iná ibẹ̀ lè máa kú fúnra rẹ̀ bí kò bá sẹ́ni tó ń mira níbẹ̀.